Bí script ṣe lè gbé Kàbà lọ sí Ghana
Ìlà òòró 6° la ilẹ̀ Òkun sí méjì nínú ìwọ̀n UTM: Ìsánlú bọ́ sí zone 31, Kàbà sí 32. Fún máàpù àtijọ́ tí wọ́n gbé ka ìwọ̀n Minna, kóòdù wọn ni EPSG:26331 àti 26332. Tí ẹ bá ń fi script yí ọ̀pọ̀ fáìlì padà lẹ́ẹ̀kan náà, tó wá fún gbogbo wọn ní 26331, Kàbà á bá ara rẹ̀ ní Ghana! Ìyẹn ṣì dáa, ojú á rí i. Èyí tó léwu ni kẹ́ ẹ pe Minna ní WGS84 tí GPS ń lò: ààlà oko á yẹ̀ ju mítà 50 lọ, kò sì sẹ́ni tó máa tètè fura. Bẹ́ẹ̀, -overwrite inú ogr2ogr máa ń pa layer àtijọ́ rẹ́ kó tó kọ tuntun. Fódà mìíràn ni kẹ́ ẹ kó èsì sí. Tí ìjà ilẹ̀ bá dé, fáìlì àkọ́kọ́ lẹ máa nílò.