Nígbà Tí Ọ́ Kò Bá Ọ́ Mu: Ìtàn Àmì Abẹ́ Lẹ́tà àti Ọ̀rọ̀ Aṣínà

Ní yàrá kan ní Ìkòtún, a kọ kóòdù kékeré fún kọ̀ǹpútà tí gbogbo wa jọ ń lò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gba orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà ẹni tó fẹ́ wọlé, kó sì bi Windows léèrè bóyá wọ́n tọ̀nà. Irinṣẹ́ tí Windows pèsè fún irú ìbéèrè yìí ni LogonUser. Gbogbo wa wọlé, àfi ẹnì kan tó fi ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ní àmì ṣe aṣínà. Èsì tó rí ni 1326: orúkọ tàbí ọ̀rọ̀ aṣínà kò tọ̀nà. Ó búra pé òun kò gbàgbé. Lóòótọ́, tó bá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà náà tó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, ó ń wọlé.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ní 1875, ìpàdé kan wáyé ní Èkó láti fẹnu kò lórí àkọtọ́ Yorùbá, ibẹ̀ ni ẹ, ọ àti ṣ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà kò rò wá mọ́ tiwọn. Ní nǹkan bí 1961, Fernando Corbató àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní MIT, Amẹ́ríkà, ṣe CTSS kí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè jọ máa lo ẹ̀rọ kan. Wọ́n fún oníkálukú ní ọ̀rọ̀ aṣínà kí fáìlì ẹnì kan má baà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ní 1963 ni ASCII jáde, àyè 128 péré ló ní. Tábìlì 1252 tí Windows lò lẹ́yìn náà fẹ̀ dé 256, ó gba é àti è, síbẹ̀ kò sí ẹ, ọ tàbí ṣ níbẹ̀.

Unicode ló gbà wá. Ní 1993, Windows NT jáde pẹ̀lú Unicode nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí kóòdù àtijọ́ má baà kú, wọ́n fi ilẹ̀kùn méjì sílẹ̀: LogonUserA àti LogonUserW. A ń gba tábìlì àtijọ́ kọjá, W ń lo Unicode. A ni kóòdù wa pè. Ọ ti sọnù lójú ọ̀nà kí Windows tó rí i. A yí i sí W, ẹni wa sì wọlé.

Kò tíì tán. Ẹlòmíràn láti Ìgàndò fi kíbọ́ọ̀dù mìíràn tẹ aṣínà tirẹ̀, 1326 tún yọjú. Ó ju ọ̀nà kan lọ tí a lè gbà kọ ọ́: ọ pẹ̀lú àmì ohùn, o pẹ̀lú àmì abẹ́ àti àmì ohùn, tàbí ó pẹ̀lú àmì abẹ́. Ojú wa rí ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n nọ́ńbà wọn yàtọ̀. Windows kì í fi aṣínà pamọ́ bó ṣe rí. Àbájáde ìṣirò tó ṣe lórí àwọn nọ́ńbà náà ló ń fi wéra. Bí nọ́ńbà kan bá yàtọ̀, gbogbo rẹ̀ yàtọ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ ni kí kóòdù sọ gbogbo rẹ̀ di NFC, nígbà tí a bá ń ṣe aṣínà àti nígbà tí a bá ń wọlé. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo kò tó. RFC 8265 ti ọdún 2017 dámọ̀ràn bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe lẹ́tà ló ń fa gbogbo ìkùnà o. 1385 ń sọ pé wọn kò fún ẹni náà láyè láti gba irú ọ̀nà yẹn wọlé. 1327 lè wáyé bí aṣínà bá ṣófo. Nítorí náà, ẹ ka nọ́ńbà náà nípasẹ̀ GetLastError lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ìmọ̀ràn tí a kọ́kọ́ gbọ́ ni pé kí a yọ àmì kúrò. Ó rọrùn, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ èdè rẹ̀ bó ti yẹ ni a ń dá lẹ́bi fún àṣìṣe kóòdù. Kí a tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó ti gbàgbé aṣínà rẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ ilẹ̀kùn tí a ní kó gbà wò.