Ilé Ìpamọ́ Irúgbìn IITA, Ìbàdàn

Ilé Ìpamọ́ Irúgbìn IITA wà ní Ìbàdàn, nínú ọgbà IITA, àjọ tó ń ṣèwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967 lórí nǹkan bí 1,000 hẹ́kítà. Ní 1975 ni ilé ìpamọ́ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ̀wà ló gbajúmọ̀ jù níbẹ̀. Oríṣi tó wà ní ìpamọ́ lé ní 15,000, kò sì sí ibòmíràn lágbàáyé tí àkójọ ẹ̀wà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí irúgbìn bá ti oko dé, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣà á: èyí tí kòkòrò ti lu àti èyí tó hunjọ kò gbọdọ̀ bá a wọlé. Wọn kì í sá a sóòrùn, torí ooru a máa gé ẹ̀mí irúgbìn kúrú. Yàrá tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ tutù tó sì gbẹ ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dì í sínú fóìlì, wọ́n á sì lẹ ẹnu rẹ̀ pa. Èyí tí wọ́n ń fún àwọn tó bá béèrè wà ní nǹkan bí 5°C. Èyí tó máa pẹ́ wà ní –20°C. Ẹ̀wà lè wà láàyè níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ẹ̀wádún, bẹ́ẹ̀ kòkòrò lè sọ ti inú àpò di ìyẹ̀fun láàárín oṣù mélòó kan.

Síbẹ̀, òtútù nìkan kò tó. Lóòrèkóòrè wọ́n á mú díẹ̀ jáde, wọ́n á fi omi rin ín, wọ́n á ka iye tó hù. Bí iye náà bá lọ sílẹ̀ jù, wọ́n á tún un gbìn, oríṣi kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀.

Ti iṣu àti ẹ̀gẹ́ yàtọ̀: ọ̀gbìn wọn láàyè ni wọ́n ń tọ́jú, nínú ìgò àti nínú oko.

Bí ẹ̀wà tilẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ibi tí a ti kọ́kọ́ gbìn ín. Ẹ̀wà àtijọ́ tí wọ́n wú jáde ní Gánà lé ní ọdún 3,000, àmọ́ gúúsù Áfíríkà ni àwọn ẹ̀yà rẹ̀ tó ń hù nínú igbó pọ̀ sí jù. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibi méjì ni, níwọ̀ oòrùn àti ní ìlà oòrùn. Ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò tíì parí ẹjọ́ náà.

Ìbàdàn nìkan kọ́ ni wọ́n pa irúgbìn wọ̀nyí mọ́ sí. Nígbà tí Nọ́wè ṣí ilé ìpamọ́ irúgbìn àgbáyé ní Svalbard, lẹ́bàá òpin àríwá ayé, ní oṣù kejì 2008, nǹkan bí oríṣi 7,000 ló ti Ìbàdàn lọ síbẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń mú ibẹ̀ dé –18°C, ṣùgbọ́n òkè tí wọ́n gbẹ́ ẹ sí ti dì fúnra rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, òtútù á ṣì wà. Ní Ìbàdàn, iná mànàmáná nìkan ló ń mú òtútù wá, jẹnẹrétọ̀ kò sì gbọdọ̀ já a kulẹ̀. IITA ló ṣì ni àpótí tó wà ní Svalbard, ẹlòmíràn kò lè ṣí i. ICARDA, àjọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ogun Síríà lé kúrò ní Aleppo, ló kọ́kọ́ lọ gba irúgbìn tirẹ̀ padà níbẹ̀, ní 2015. Lẹ́bánónì àti Mòrókò ni wọ́n ti gbìn ín.