Orúkọ, Àmì àti Ohùn: láti Japan dé Manigri

Orúkọ ará Japan a máa fi ìtumọ̀ rẹ̀ han ojú kí etí tó gbọ́ ọ. Láti ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti gba àmì tí wọ́n fi ń kọ ọ́, àmì kọ̀ọ̀kan sì ní ìtumọ̀ tirẹ̀: ẹni tó bá rí Tanaka nínú ìwé, “àárín oko ìrẹsì” ni ó rí. Ìró kan náà, bí Akira, lè ní àmì púpọ̀. Òbí kan a yan èyí tó jẹ́ ìmọ́lẹ̀, òmíràn a yan èyí tó jẹ́ ohun tó ń dán. Àmì kan náà ẹ̀wẹ̀ lè ní ìró púpọ̀, tí àlejò kò fi ní mọ bí a ti ń pè é. Abájọ tí òfin kan, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù karùn-ún 2025, fi ní kí a kọ bí a ti ń pe orúkọ sínú ìwé ìdílé.

Tiwa dà bí òdìkejì rẹ̀. Láti Manigri, ní àgbègbè Bassila, dé Ṣábẹ̀ẹ́ àti Kétu, lẹ́tà Faransé ni a fi ń kọ orúkọ sínú ìwé ìbí láti ayé àwọn amúnisìn. Akọ̀wé gbọ́ Adéṣínà, ó kọ Adéchina. Ìyẹn kò burú púpọ̀. Ẹni tó gbọ́ èdè yóò dá a mọ̀. (Àmì orí é yẹn kì í ṣe ohùn o: ó kàn ń sọ pé e ni, kì í ṣe ẹ.) Ohùn gan-an ni ìwé náà kò ní àmì fún. Bí Ogoun bá bẹ̀rẹ̀ orúkọ, ṣé Ògún òrìṣà ni, ogun tí a ń jà ni, àbí ogún tí a ń jẹ? Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ìwé ìbí kò sì mọ ilé. Olabiyi Yaï, onímọ̀ èdè ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, jẹ́ alága ìgbìmọ̀ aláṣẹ UNESCO láti 2007 sí 2009. Mélòó nínú àwọn tó ń pè é ní Paris ni ó mọ̀ pé Ọlábíyìí ń sọ pé ọlá ni ó bí ọmọ yìí?

Orúkọ mìíràn wà tí ohùn pàápàá kò lè tú. Boni, tí àwọn Nàgó kan ń jẹ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Yorùbá: orúkọ ọmọkùnrin kẹrin ni láàárín àwọn Bààtọ̀nú, aládùúgbò wa. Àgbà ilé nìkan ni ó lè sọ bí ó ti wọ ìdílé.

Láti 1975 ni ìjọba Benin ti gbé álífábẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ fún àwọn èdè wa. Síbẹ̀, nínú ìwé ìbí, Adéchina ni Adéṣínà ṣì ń jẹ́.