Etí Ló Ń Parí Ọ̀rọ̀: Ìlù, Àrokò àti Ìdákẹ́ ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun àti Àyíká Rẹ̀

Ní ìlú Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia lórílẹ̀-èdè Brazil, àwọn olórìṣà máa ń jí ní ìdájí ọjọ́ kan lọ́dọọdún láti lọ pọn omi. Aṣọ funfun báláú ni gbogbo wọn máa ń wọ̀. Wọ́n á gbé ìkòkò, wọ́n á tò tẹ̀ léra wọn lọ síbi omi, wọ́n á pọn, wọ́n á padà, wọ́n á tún lọ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fọhùn. Águas de Oxalá ni wọ́n ń pe ọdún náà, ìyẹn Omi Òṣàlá. Oxalufã ni òrìṣà arúgbó tí wọ́n ń pọn omi náà fún. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Ọ̀ṣun dáadáa kò ní bèèrè ibi tí orúkọ yẹn ti wá. Òrìṣà Olúfọ́n ni, òrìṣà Ìfọ́n, ìlú tó múlé ti Ìlobù, tí kò sì jìnnà sí Òṣogbo.

Ìtàn tó wà nídìí ìdákẹ́ àwọn apọnmi yìí wà nínú ìwé Orixás tí Pierre Verger tẹ̀ jáde ní 1981. Ará Faransé ni Verger, àmọ́ ó di babaláwo, wọ́n sì sọ ọ́ ní Fátúmbí. Òrìṣà Olúfọ́n ló fẹ́ lọ kí Ṣàngó l'Ọ́yọ̀ọ́. Ó dífá, Ifá ní ìrìn náà kò dára. Bó bá sì jẹ́ pé dandan ni kó lọ, ohunkóhun tí wọ́n bá fi ojú rẹ̀ rí lọ́nà, kó má ráhùn. Èṣù pàdé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní kó ran òun lẹ́rù, ó sì ń da epo, èédú àti àdín lé e lára. Arúgbó wẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ funfun, ó ń bá ọ̀nà lọ. Nígbà tó dé ẹnu ibodè Ọ̀yọ́, ó rí ẹṣin Ṣàngó tó sọnù, ó mú un dání, ni wọ́n bá pè é lólè. Ọdún méje ló fi wà lẹ́wọ̀n, kò sì sọ ẹni tí òun í ṣe. Òjò kọ̀, obìnrin kò lóyún, oko kò so. Ìgbà tí Ṣàngó tọ Ifá lọ ló tó mọ̀ pé àgbà kan ń jìyà láìṣẹ̀ nínú ìlú òun. Ó pàṣẹ pé kí àwọn èèyàn rẹ̀ wọ funfun, kí wọ́n pọn omi wá wẹ Òrìṣà, kí ẹnikẹ́ni má sì la ẹnu, torí pé ẹ̀bẹ̀ náà ti kọjá ohun tí ẹnu lè bẹ̀.

Ìdákẹ́ méjì ló wà nínú ìtàn yìí. Òrìṣà dákẹ́ fún ọdún méje, Ọ̀yọ́ kò gbọ́ ohun tí ìdákẹ́ náà ń wí, ilẹ̀ sì gbẹ. Àwọn apọnmi dákẹ́ ní òwúrọ̀ kan, gbogbo ìlú sì gbọ́. Etí ẹni tó ń gbọ́ ló ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ọgbọ́n kan náà ló wà nínú gbogbo ọ̀nà tí Ìfọ́n àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ ti ń gbà sọ̀rọ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n la ẹnu. Sísọ jẹ́ iṣẹ́, gbígbọ́ náà sì jẹ́ iṣẹ́ tí ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́.

Ìgbìn ni ìlù àwọn òrìṣà funfun. Ó kúrú, ó sanra, igi kan ṣoṣo ni wọ́n gbẹ́ ẹ tòun ti ẹsẹ̀ rẹ̀, ilẹ̀ ló sì máa ń jókòó sí. Ọba Adétóyèṣe Láoyè, tó jẹ́ Tìmì Ẹdẹ láti 1946 títí di 1975, tí òun fúnra rẹ̀ sì mọ ìlù lù bí ọmọ Àyàn, ìyẹn ọmọ ìdílé onílù, kọ nípa rẹ̀ nínú àwọn àpilẹ̀kọ tó ṣe lórí ìlù Yorùbá láàárín àwọn ọdún 1950. Mẹ́rin ni wọ́n: ìyáńlá, ìyágan, kéke àti aféré. Ìtàn tí Ọba Láoyè kọ sílẹ̀ ni pé orúkọ àwọn ìyàwó Ọbàtálá, olórí àwọn òrìṣà funfun, ni wọ́n. Ìlù ìgbìn kì í sáré, ijó àgbà sì ni ijó rẹ̀: ẹ̀yìn á tẹ̀, ẹsẹ̀ á rọra máa wọ́ nílẹ̀. Ní Bahia títí di òní, bí Oxalufã bá gun ẹnìkan, ẹ̀yìn onítọ̀hún á tẹ̀ bákan náà, á máa fi ọ̀pá tí wọ́n ń pè ní opaxorô tilẹ̀ rìn. Àwọn tó ń wò ó kò fi Yorùbá sọ̀rọ̀ nílé mọ́, síbẹ̀ wọ́n mọ ẹni tó dé.

Ní Èrìn-Ọ̀ṣun tó wà nítòsí Ìlobù, bàtá ni wọ́n fi gbayì. Ibẹ̀ ni Làmídì Àyánkúnlé àti Ràbíù Àyándòkun ti wá, àwọn méjì tó gbé bàtá rìn káàkiri ayé. Debra Klein kọ ìwé jáde ní 2007 lórí àwọn onílù àti eléégún ìlú náà. Ní 2010 ni Amanda Villepastour tẹ tirẹ̀ jáde, lẹ́yìn tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Àyándòkun, láti ṣàlàyé bí bàtá ṣe ń sọ̀rọ̀. Ìlù náà ní ojú méjì. Èyí tó tóbi ni ojú òjò, wọ́n máa ń fi ìda lẹ̀ ẹ́ lójú kí ohùn rẹ̀ lè wálẹ̀. Èyí tó kéré ni ṣáṣá, bílálà awọ ni wọ́n fi ń nà án. Onílù á máa fi ọwọ́ méjèèjì pín ọ̀rọ̀ sójú méjèèjì, ohùn méjèèjì a sì máa já lu ara wọn kíákíá, débi pé àwọn ará ìlú máa ń sọ pé akólòlò ni bàtá. Àwọn onílù fúnra wọn ní ẹnà, èdè kan tí wọ́n ń fẹnu sọ láàárín ara wọn bí ìlù ṣe ń dún. Inú ẹnà yìí ni ọmọ ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lu ọ̀rọ̀.

Dùndún ló rọrùn jù láti gbọ́ lágbọ̀ọ́yé. Onílù á gbé ìyáàlù, ìlù tó ń sọ̀rọ̀ láàárín wọn, kọ́ èjìká, á fi ọwọ́ kan di ọṣán mú, á fi kọ̀ǹgọ́ olórí títẹ̀ sí ọwọ́ kejì. Bó bá fún ọṣán, ohùn á ròkè. Bó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Bó bá mú un dọ́gba, ohùn àárín nìyẹn. Bó bá sì ń fún un lọ lẹ́yìn tí kọ̀ǹgọ́ ti kan awọ, ohùn á yọ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè bí ọ̀fun ènìyàn ṣe ń ṣe é. Ohùn mẹ́ta yìí ni èdè Yorùbá fi dúró, ìdí nìyẹn tí ìlù fi lè sọ̀rọ̀.

Àmọ́ ohùn nìkan kò tó. Orúkọ Olúfọ́n jẹ́ àpẹẹrẹ: àárín kan, òkè méjì. Ìlù kò ní ètè, kò ní ahọ́n, kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ tí ohùn wọn bá dọ́gba. Àárín kan, òkè méjì lè jẹ́ "Olúfọ́n", ó lè jẹ́ "ilé kún", ó sì lè jẹ́ "iná kú". Torí náà, onílù tó mọṣẹ́ kì í dá orúkọ lù. Á so oríkì mọ́ ọn, á fi òwe tì í lẹ́yìn, gbólóhùn á gùn títí tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo á fi kù tó lè bá a mu. Ẹni tí kò gbọ́ oríkì náà rí á kàn gbádùn ìlù. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á gbọ́ orúkọ àwọn baba ńlá ọba, orí rẹ̀ á sì wú.

Ààfin ni wọ́n ti lo ọgbọ́n yìí jù. Kí àlejò tó wọlé, ìlù á ti sọ ẹni tó ń bọ̀ fún Kábíyèsí. Iwájú adé kún fún ìlẹ̀kẹ̀ tó bo ojú ọba, nítorí náà kò sí ẹni tó lè wo ojú ọba mọ̀dí ọ̀rọ̀. Ìrùkẹ̀rẹ̀ tó bá gbé sókè ni ìdáhùn. Ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá wọ́n ti ní kó dìde.

Nǹkan tí a kò lè lu ìlù rẹ̀ ní gbangba, àrokò ni wọ́n fi ń rán an. C. A. Gollmer, ìránṣẹ́ Ọlọ́run ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS tó dé Badagry ní 1845, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde ní London ní 1885 lórí àrokò ilẹ̀ Yorùbá. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí owó ẹyọ méjì bá kojú síra nínú okùn, ìrẹ́pọ̀ àti ìpàdé ni. Bí wọ́n bá kọ ẹ̀yìn síra, ìjà ti dé. Ẹni tó ru àrokò lè má mọ ohun tó rù. Ẹni tí wọ́n rán an sí ló ní ọ̀rọ̀.

Ohùn ẹnu náà ní òfin tirẹ̀. Ìlobù ni ìlú Erinlẹ̀, òrìṣà tó jẹ́ ọdẹ nígbà ayé rẹ̀, ìjálá sì ni ohùn àwọn ọdẹ. Ẹ̀sà ni ti eléégún. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlátúndé Ọlátúnjí ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ ti 1984 pé bí a ṣe ń gbé ohùn jáde ni a fi ń dá àwọn ewì alohùn wọ̀nyí mọ̀. Oríkì kan náà lè jáde nínú ìjálá, kó tún jáde nínú ẹ̀sà, ọ̀fun ni yóò sọ èyí tó jẹ́. Karin Barber, tó gbé ní Òkukù, tó sì kọ ìwé lórí oríkì ìlú náà ní 1991, fi hàn bí àwọn obìnrin akìoríkì ṣe máa ń dojú ọ̀rọ̀ kọ ẹni tí wọ́n ń kì títí ara rẹ̀ á fi dìde. Bí ẹni tí wọ́n ń kì bá dúró bí igi, oríkì náà kò tíì dé ibi tó ń lọ.

Òṣogbo ni wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sórí ìtàgé. Dúró Ládiípọ̀, òṣèré orí ìtàgé, ṣí ibùdó àṣà Mbari Mbayo níbẹ̀ ní 1962, ó gbé eré Ọba Kò So jáde ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìtàn Ṣàngó, Gbọ̀nńkáà àti Tìmì Ẹdẹ. Ní 1964 wọ́n gbé eré náà lọ sí Berlin lórílẹ̀-èdè Jámánì. Yorùbá pọ́ńbélé ni wọ́n fi ṣe é, àwọn òǹwòran kò sì gbọ́ Yorùbá, àmọ́ wọ́n kan sáárá sí i. Wọ́n gbọ́ ìbínú nínú ọ̀fun Ṣàngó, wọ́n rí ìbẹ̀rù nínú ìdúró àwọn ìjòyè, ijó sì wọ̀ wọ́n lójú. Ohun tí ìlù ń sọ nìkan ni kò yé wọn.

Ọ̀pọ̀ ọmọ wa lónìí ń jókòó sí òde ìsọmọlórúkọ ní Ìfọ́n, ní Ìlobù àti ní Òṣogbo bí ará Berlin ọdún 1964. Wọ́n rí onílù, ìlù dùn mọ́ wọn, wọ́n lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí, wọn kò sì mọ̀ pé baba baba wọn ni ìlù ń pè. Fíìmù Ṣaworoidẹ tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí Túndé Kèlání sì gbé jáde ní 1999, gbé ìlù kalẹ̀ bí ẹlẹ́rìí májẹ̀mú láàárín ọba àti ìlú. Ìlú tí kò bá gbọ́ èdè ẹlẹ́rìí rẹ̀ kò lè lò ó. Àwọn Àyàn ṣì wà, wọ́n ṣì ń kọ́ ọmọ wọn níṣẹ́. Àwọn agbọ́lù ló ń dín kù, ìyẹn ló sì yẹ kó ká wa lára.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gba owó rẹpẹtẹ. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ Orólu àti Irẹ́pọ̀dún lè pe onílù wọ kíláàsì Yorùbá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ọmọ máa gbọ́ gbólóhùn lẹ́nu olùkọ́, kó sì gbọ́ ọ lójú awọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ilé ni ìyókù kù sí. Ẹni tó bá ní ọmọ lọ́dọ̀, kó bẹ̀rẹ̀ sí í fi oríkì ìdílé jí i láràárọ̀, torí pé òun ni ìyáàlù máa bá a sọ nígbà tó bá dàgbà.