Ọ̀rọ̀ Kẹta Tó Parí sí "gry"

Àlọ́ kan wà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń pa fúnra wọn láti 1975: ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta ló parí sí "gry". Àkọ́kọ́ ni "angry", ìyẹn ẹni tínú ń bí. Èkejì ni "hungry", ẹni tébi ń pa. Kí ni ẹ̀kẹta?

Má wulẹ̀ da ara ẹ láàmú, àlọ́ náà ò ní ìdáhùn gidi. "Gry" kì í ṣe àfòmọ́ kankan. "Anger" ló gba "y", "hunger" náà gba "y", "e" àárín wọn sì bọ́ sọnù. Wọ́n kàn ṣe kòńgẹ́ ara wọn ni.

Ṣùgbọ́n kóòdù ni mò ń kọ jẹun, mi ò sì lè rí irú nǹkan báyìí kí n má wá a. Àwọn ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè ńláńlá jẹ́ èyí tẹ́nikẹ́ni ò sọ mọ́. "Gry" fúnra ẹ̀ wà níbẹ̀: John Locke lò ó ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún fún ìwọ̀n kékeré kan. Pín íǹṣì sọ́nà 100, ọ̀kan níbẹ̀ ni gry. "Puggry" wá láti Íńdíà, aṣọ tí wọ́n ń wé mọ́ fìlà nítorí oòrùn. "Iggry" ni àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ lẹ́nu àwọn ará Íjíbítì nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ìtúmọ̀ ẹ̀ ni "yára!"

Èyí tó wá dá mi dúró ni "aggry". Ìlẹ̀kẹ̀ ni, ìlẹ̀kẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níbí! Ilẹ̀ tó di Gánà lónìí làwọn òyìnbó ti mọ̀ ọ́n. Ní 1819, T. E. Bowdich tẹ ìwé jáde nípa ìrìnàjò ẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn Asante. Ó ní inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wú u, àti pé bó bá fọ́ níbi ìjà, ẹrú méje ni wọ́n máa san fún ẹni tó ni ín. Èèyàn méje, nítorí ìlẹ̀kẹ̀ kan.

Àwa náà ní tiwa. Ìwádìí tó jáde ní 2017 fi hàn pé ní Igbó Olókun, n'Ílé-Ifẹ̀, àwọn baba ńlá wa ń ṣe gíláàsì fúnra wọn kí òyìnbó tó dé, wọ́n sì ń fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Sẹ̀gi aláwọ̀ búlúù níyì débi pé a fi ń sọ ọmọ lórúkọ: Sẹ̀gilọlá.

Inú ìwé ni "aggry" wà báyìí, àfi tí wọ́n bá ń pàlọ́. Sẹ̀gi ṣì wà lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sòótọ́: iyùn, sẹ̀gi, bẹ̀bẹ̀, lágídígba, mélòó lo lè dá mọ̀ tí wọ́n bá kó wọn síwájú ẹ? Èmi, méjì péré.

Bí wọ́n bá pa àlọ́ yẹn fún ẹ, sọ pé "aggry". Lẹ́yìn náà, pe ìyá àgbà ẹ, kó o ní kí wọ́n ṣí àpótí ìlẹ̀kẹ̀ wọn, kí wọ́n sì máa dárúkọ wọn fún ẹ lọ́kọ̀ọ̀kan.