Ilé Kan ní Queen's Road, Peckham

Bí àlejò bá ti ilé dé bá wa ní Lọ́ńdọ̀nù, ibi tí a máa ń mú un lọ kò ju ààfin ọba, ilé olódi Tower àti agogo ńlá ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lọ. A ó ya fọ́tò, a ó sì padà sílé. Nígbà tí ó bá di ọ̀sán Sátidé, a ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Peckham nítorí èlùbọ́, gàrí, ata rodo àti ẹja tí ń bẹ ní Rye Lane. Kò sí ẹni tí ń gbójú sókè níbẹ̀: ẹrù wúwo lọ́wọ́, òjò ń pa ni, gbogbo ènìyàn fẹ́ tètè délé. Àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún odidi ọdún kan kí a tó mọ̀ pé níbi tí a ti ń náwó ata yìí, ìtàn àwọn baba wa akẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a yára dárúkọ àwọn ohun tí ó wà lójú ọ̀nà. Ní ìkòríta Rye Lane àti High Street, ẹ ó rí ilé gogoro alágogo kan. Ti ilé ìtajà ńlá Jones & Higgins ni, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1867, tí ó sì kógbá sílé ní 1980. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìkàwé Peckham ni ọ̀nà tóóró kan wà fún àwọn ẹlẹ́sẹ̀ àti àwọn oníkẹ̀kẹ́. Omi ni ó ń ṣàn níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Odò tí a fọwọ́ gbẹ́ ni, tí ó dé Peckham ní 1826. Omi ti lọ, ṣùgbọ́n wọn kò wó afárá, ẹni tí kò bá sì mọ ìtàn yóò máa bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí afárá ń wá lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Bí ẹsẹ̀ yín bá sì gbé e, ẹ gòkè dé itẹ́ òkú Nunhead, tí wọ́n ṣí ní 1840. Òpó òkúta gíga kan wà níbẹ̀, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1851 fún ìrántí àwọn tí wọ́n dá lẹ́bi ní Skọ́tílándì, tí ìjọba sì kó lọ sí Ọsirélíà nítorí pé wọ́n ń bèèrè ẹ̀tọ́ ìdìbò. Nítorí náà, kì í ṣe àwa nìkan ni wọ́n ṣe irú rẹ̀ sí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ìwọ̀nyí ni a ṣe mú kálámù. Nọ́ńbà 164, Queen's Road, ni a ń lọ. Ilé lásán ni lójú. Bí kò bá sí àmì róbótó aláwọ̀ búlúù tí ó wà lára ògiri rẹ̀, ẹ ó kọjá lọ. Ibẹ̀ ni Dókítà Harold Moody gbé.

Ọmọ Jàmáíkà ni. Kingston ni a ti bí i ní 1882, ó sì wá sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1904 láti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní King's College. Kò pẹ́ tí ó fi pàdé onílé tí yàrá rẹ̀ máa ń ṣófo títí yóò fi rí àwọ̀ ara àlejò. Moody gba ẹ̀bùn nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì yege ní 1910, síbẹ̀ ilé ìwòsàn kọ̀ ọ́ nítorí pé olórí àwọn nọ́ọ̀sì kò fẹ́ dókítà aláwọ̀ dúdú. Ìgbìmọ̀ tí ń tọ́jú àwọn tálákà ní Camberwell náà kọ̀ ọ́. Wọ́n ní àwọn tálákà kò ní gbà kí ènìyàn dúdú tọ́jú àwọn. Ní 1913, ó ṣí ilé ìtọ́jú tirẹ̀ ní King's Road, tí a ń pè ní King's Grove nísinsin yìí, ní Peckham kan náà. Àwọn tálákà tí wọ́n ní kò ní gbà yẹn ni wọ́n wá ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ní 1922 ni ó kó lọ sí Queen's Road.

Ilé yìí di ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ tàbí òṣìṣẹ́ dúdú tí kò rí ibi sùn tàbí tí kò ríṣẹ́ lè kọrí sí. Ní 1931, Moody dá ẹgbẹ́ League of Coloured Peoples sílẹ̀. Nígbà tí akéwì Una Marson dé láti Jàmáíkà ní 1932, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó wọ̀ sí, òun náà sì di akọ̀wé ẹgbẹ́. Orúkọ ìwé ìròyìn wọn ni The Keys, láti inú ọ̀rọ̀ Aggrey, ọmọ Gold Coast, tí ó ní ènìyàn kò lè fi bọ́tìnnì funfun nìkan tàbí dúdú nìkan lu dùùrù kí orin rẹ̀ dùn tán.

Orúkọ Aggrey yìí náà ni ó dá ìjà sílẹ̀ láàárín Peckham àti àwọn ènìyàn wa. Ẹ mọ Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, tí ó wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀ Oòrùn Afíríkà, WASU, sílẹ̀ ní 1925. Ìṣòro yàrá ni ó ká òun náà lára. Láti 1929 títí di 1932 ni ó fi ń káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Afíríkà, tí ó ń bẹ àwọn ọba àti àwọn ará ilé fún owó tí a ó fi ní ilé tiwa. Ní 1933, ilé náà ṣí ní 62 Camden Road, ìyàwó rẹ̀, Ọpẹ́olú, sì ń ṣe ìyá fún àwọn tí ń gbé ibẹ̀. Àṣé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń gbèrò láti ṣí ilé mìíràn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúdú, Aggrey House, Moody sì fara mọ́ ọn. Orí Ṣólàńkẹ́ gbóná. Ní 1934, WASU tẹ ìwé pélébé jáde pé ètò ìjọba láti máa ṣọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ wa má ṣe dé ibẹ̀. Wọ́n fẹ̀sùn kan Moody pé ó ń bá ìjọba dì í. Wọ́n ṣí Aggrey House ní ọdún náà ní Doughty Street.

Bí ẹ bá bi wá, ẹ̀yìn Ṣólàńkẹ́ ni a wà lórí ọ̀rọ̀ ilé yẹn. Ìjọba tí ń bẹ̀rù kí akẹ́kọ̀ọ́ má bàa kọ́ ẹ̀kọ́ òṣèlú kì í fún ni ní bẹ́ẹ̀dì lásán. Ṣùgbọ́n àbòsí ni bí a bá pe Moody ní ọ̀dàlẹ̀. Ẹni tí onílé ti lé lẹ́nu ọ̀nà rí, tí ó ń rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń rìn kiri nínú òtútù, bí ẹnikẹ́ni bá fún un ní òrùlé, yóò gbà á. Ẹ má sì gbàgbé pé nígbà tí WASU fẹ́ kó lọ sí ilé tí ó tóbi jù ní Camden Square ní 1938, àwọn náà gba owó ìjọba.

Moody pàápàá kò dúró sí ojú kan. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní 1939, ó bá ìjọba jà lórí òfin tí kò jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe ìran òyìnbó di ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun. Wọ́n yí òfin náà padà, ọmọ rẹ̀ Arundel sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀. Nígbà tí bọ́ǹbù àwọn ará Jámánì bọ́ lu ilé ìtajà Woolworths ní New Cross ní oṣù November 1944, tí ó pa ènìyàn 168, òun náà wà lára àwọn dókítà tí ó sáré lọ gba ẹ̀mí là. Ó kú nínú ilé yìí ní 1947. Ṣólàńkẹ́ kú ní Lọ́ńdọ̀nù yìí náà ní 1958.

Bọ́ọ̀sì 36 ń gba Queen's Road kọjá. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ ojú irin ni ẹ fẹ́ wọ̀, ẹ sọ̀ ní Queen's Road Peckham, ibẹ̀ kò jìnnà mọ́. Ilé onílé ni, nítorí náà ẹ dúró lẹ́bàá títì kí ẹ ka àmì ara ògiri náà, ẹ má kan ilẹ̀kùn. Láti ibẹ̀ ẹ lè fẹsẹ̀ rìn lọ sí Rye Lane kí àwọn oníṣòwò tó palẹ̀ mọ́.