Akàn Jàmáíkà Kì Í Ṣe Ọmọ Éṣíà

Lórí òkè ní Jàmáíkà, akàn kan wà tí ń tọ́mọ nínú ewé. Metopaulias depressus ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀. Omi òjò tó dúró sí ìdí ewé bromeliad, ìbátan ọ̀pẹ̀yìnbó, ló ń bímọ sí. Ìyá á kó ewé tó ti ń jẹrà kúrò, á ju ìkarawun ìgbín sómi kí omi má baà kan, kí èèpo àwọn ọmọ sì lè gbó. Á tún pa aáyán wá fún wọn.

Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé Éṣíà ni orírun akàn yìí àti àwọn ará rẹ̀, torí pé àwọn akàn kan lápá ibẹ̀ jọ wọ́n ní ìrísí àti ìgbé ayé. Ìrísí ni ìsọnilọ́jọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìrísí kọ́ ni ìran. Ọwọ́ alágbẹ̀dẹ méjì lè le bákan náà, kí wọ́n má sì jẹ́ ọmọ ìyá.

Ní 1998, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Schubart, Diesel àti Hedges, fi DNA àwọn akàn yìí wéra. Akàn inú ewé ni o, todò ni o, tinú ihò àpáta ni o: baba ńlá kan ṣoṣo tó ti inú òkun wá ló bí gbogbo wọn, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 4 ọdún sẹ́yìn. Sesarma curacaoense, akàn irà etíkun Kàríbíánì, wà lára ìbátan wọn tímọ́tímọ́.

Ẹnìkan lè béèrè pé orúkọ ńkọ́, ṣebí Sesarma ni wọ́n máa ń pe àwọn akàn irà níbi gbogbo tẹ́lẹ̀, títí dé Éṣíà? Látìgbà tí Thomas Say ti sọ ọ́ lórúkọ ní 1817, àpò tí wọ́n ń kó onírúurú akàn irà sí ni Sesarma dà. Kódà akàn abẹ́ igi ẹ̀gbà létí ọ̀sà tiwa jẹ́ Sesarma huzardi rí, kó tó di Guinearma ní 2017. Lónìí, akàn ilẹ̀ Amẹ́ríkà nìkan ló kù nínú àpò náà.

Jàmáíkà pẹ́ lábẹ́ òkun. Nígbà tó jáde, kò sí irú akàn odò tó wà ní Kúbà níbẹ̀ láti bá baba ńlá tó ti inú òkun wá yẹn du omi. Ilé tó ṣófo nìyẹn. Ará ìta ẹnu ọ̀nà ló wọ̀ ọ́, kì í ṣe àlejò òkèèrè.